Ilé Là Ń Wò: Orúkọ Àrùn Irin Kan àti Ọjà Oògùn Rẹ̀

Àwọn baba wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ tí kò tọ̀nà lè pa aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo aceruloplasminaemia, tí a kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní Jàpáànù ní 1987. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá méjèèjì ni aláìsàn ti ń jogún rẹ̀. Purotéènì kan tí èròjà bàbà wà nínú rẹ̀ ni ara aláìsàn kò lè pèsè bí ó ti yẹ. Láìsí i, irin kò lè jáde dáadáa kúrò nínú ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti ibi tí insulínì ti ń wá. Nítorí náà, irin kéré nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó kún inú àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí. Olùtumọ̀ tí ó bá pè é ní “àìtó irin” yóò mú kí a máa fún aláìsàn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, èyí tí yóò dá kún ẹrù rẹ̀. Mo dábàá “àrùn irin-há-sára”. Kí a fi “àkúnya irin” sílẹ̀ fún haemochromatosis, nínú èyí tí irin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, tí a sì ń fi ẹ̀jẹ̀ gbígbà lára wò ó.

Ọ̀rọ̀ ọjà ńkọ́? Ní Jàpáànù, a fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ẹnì kan nínú 2,000,000 ènìyàn. Ta ni yóò ṣe oògùn fún ìwọ̀nba ènìyàn bẹ́ẹ̀? Deferoxamine, deferasirox àti deferiprone tí a ń lò kì í ṣe tiwọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: àwọn tí irin kó sí lára nítorí ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà sí wọn lára léraléra ni a ṣe é fún, tí àwọn oní-fòníkú-fọ̀ladìde kan sì wà lára wọn. Abẹ́ ọjà ẹlòmíràn ni àwọn aláìsàn wa fara pamọ́ sí.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1983 fún ẹni tí ó bá ṣe oògùn fún àrùn tí kò mú tó 200,000 ènìyàn níbẹ̀ ní ọdún 7 láti dá a tà. Ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, fún un ní ọdún 10. Mo pe èyí ní “ẹ̀tọ́ àdátà”. Ó dára, ṣùgbọ́n bí olùrà bá kéré jù, owó gọbọi nìkan ni ó lè mú àdátà lérè. Èrò mi ni pé títí di ìgbà tí ìjọba yóò fi máa bá aláìsàn sanwó, ọjà yìí kò ní gbilẹ̀.

Òyìnbó ń pe irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ọmọ òrukàn. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òǹkàwé yóò rò pé ọmọ aláìlóbìí ni a ń fún. “Oògùn aláìlónígbọ̀wọ́” sàn jù: ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ó dúró fún un. Kí ẹni tí ó ní èyí tí ó dára ju èyí lọ mú un wá.