Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Alágbàtà tí Ẹ Ń Ta Ṣíà Tesla ní Ibafo

Ẹ̀yin alágbàtà wa ọ̀wọ́n,

Òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a kì í sì í bá Ajé Ògúgúlùsọ̀ ṣọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ pé ṣíà gan-an ni ẹ ń tà, n kì bá tí gbé gègé mi rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú yín ń tà lórí fóònù fún ọmọ mẹkáníìkì tí epo ẹ́ńjìnnì kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹ sì ń pè ní ṣíà Tesla, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe ṣíà. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Ẹni tí ó ra ṣíà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́, bó ti wù kí ìpín rẹ̀ kéré mọ. Bí iye rẹ̀ bá wálẹ̀ lónìí, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè fi sùúrù dúró dè é. Àdéhùn lórí bí iye ṣíà yóò ti gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ni tiyín, owó yíyá ni ẹ sì fi ń bù ú kún. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ náà mú ₦50,000 wá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20, ó wá ń ṣòwò bí olówó ₦1,000,000. Bí iye Tesla bá fi ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ₦50,000 náà ti wọmi. Àdéhùn yóò pa dé fúnra rẹ̀, bí iye náà bá sì tún gòkè ní ìrọ̀lẹ́, kò kàn án mọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Tesla yìí kan náà já wálẹ̀ ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ ń sọ fún un pé ìjáfara léwu, àti pé ẹni tí ó mọ ọkọ̀ ti mọ ṣíà ọkọ̀. Irọ́ gbáà ni. Nígbà tí General Motors, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, sá wọ ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ọkọ̀ rẹ̀ kò yéé jáde, síbẹ̀ ṣíà àwọn onípìn-ín àtijọ́ di òfo, wọn kò sì rí nǹkan kan gbà nínú ṣíà titun ilé-iṣẹ́ náà tí a tà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010. Tesla fúnra rẹ̀ kò tíì san èrè fún onípìn-ín kankan rí. Ìrètí pé iye yóò gòkè nìkan ni ẹni tí ó rà á ní lọ́wọ́. Ta ni nínú yín ló ti sọ èyí fún un? Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni àjọ SEC, tí ń ṣàkóso ọjà ṣíà ní Nàìjíríà, ti sọ fún àwọn oníṣòwò ṣíà pé kí wọ́n yé ta ṣíà òkèèrè tí kò sí lórí ọjà tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nílé níbí, R.T. Briscoe tí ń ta ọkọ̀ Toyota wà lórí pátákó ọjà Èkó. Ẹni tí ó bá ra ṣíà rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò wà nínú ìwé CSCS, ibi tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ni ṣíà. Èmi kò sọ pé èrè dájú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ìní ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gba kọ́bọ̀, ẹ fi Yorùbá tó yé ọmọ náà sọ bóyá ṣíà ni tàbí àdéhùn, ẹ fi ìwé àṣẹ SEC yín hàn án, ẹ má sì fi owó yíyá há ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwọ òǹrajà náà, bí alágbàtà kò bá lè fi ibi tí a kọ orúkọ rẹ sí hàn ọ́, dákun, di owó rẹ mú.