Ìnáwó Kò Lè Dípò Àbẹ̀wò

Ẹni tí ó bá dúró létí títì ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìnáwó ńlá bá wà kò ní pẹ́ rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn àti láti Ṣágámù a máa tẹ̀lé ara wọn wọ ìlú. Àtíbàbà a ti wà ní ojúlé, aṣọ ẹbí a máa dán, gèlè a ga, ìlù a sì ti máa dún. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn náà ni yóò tún tò padà gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú gbogbo èrò yìí, ẹ jẹ́ kí á béèrè pé ẹni mélòó ni ó yà kí ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì sí ibi ìnáwó, ẹni tí ó jẹ́ àbúrò bàbá wọn gan-an. Díẹ̀ ni. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣì wà láyé.

N kò sọ èyí láti fi àwọn ará Ìmùṣin ṣe ẹlẹ́yà, nítorí bí ó ti rí níbẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí mo ń wí ni pé a ti jẹ́ kí ìnáwó gba ipò àbẹ̀wò mọ́ ọn lọ́wọ́. A rò pé ẹni tí ó bá ti wá síbi ìnáwó ti wá sílé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Ẹ wò ó bí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ sí ara wọn. Ìnáwó ní ìwé ìpè, ó ní àwọ̀ aṣọ, ó ní iye owó tí a ń dá. Ẹni tí ó bá dé láìjẹ́ pé a pè é, orúkọ kan wà tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀ rẹ̀: mo-gbọ́-mo-yà. Ní ti àbẹ̀wò, mo-gbọ́-mo-yà ni ìyìn rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ pé orí ń fọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó yà, ẹni tí ó ń kọjá lọ tí ó ní òun kò lè kọjá láì wọlé, òun ni ọmọlúàbí. Ìnáwó ń fẹ́ ìdí: òkú ni, ọmọ ni, ilé tuntun ni. Àbẹ̀wò kò fẹ́ ìdí kankan ju pé a jẹ́ ara wa lọ.

Òpin ọ̀sẹ̀ tí a ń sọ yìí pàápàá kì í ṣe ti àwọn baba wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n márùn-ún ni wọ́n ń kà á, nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọrọọrún. Ọjọ́ ọjà ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí ilé bàbá wọn. Bí ó bá ti tà tán, a yà, a gbọ́ bí ara ìyá rẹ̀ ti le tó, a jù wọ́n ní ẹja díẹ̀ tàbí iyọ̀, a sì máa lọ sílé ọkọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì mú ìsinmi ọjọ́ Àìkú wá, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ sì ya ọjọ́ Àbámẹ́ta sọ́tọ̀, àbẹ̀wò bá wọn lọ sí ọjọ́ méjèèjì yìí, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ọ̀nà ọkọ̀ ni ó yí nǹkan padà jù, bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978, tí a sì ní ọ̀nà gidi láti Ṣágámù gba ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ìhà Bìní, inú gbogbo wa dùn pé ilé ti súnmọ́ Èkó. Òótọ́ ni, ó súnmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà ṣì jìnnà, ẹni tí ó bá dé kò lè ṣe kí ó má sùn. Bí ó bá sì sùn, yóò bá wọn jí, yóò gbọ́ ìkọ́ tí ń hú bàbá rẹ̀ ní ìdájí, yóò rí àwọn tí ń wá kí ilé láàárọ̀, àwọn náà yóò sì rí i. Ọ̀nà tí ó mú wíwá rọrùn ni ó mú lílọ rọrùn pẹ̀lú. Lónìí, ẹni tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ sùn, òtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò gbà, nítorí pé ilé ẹbí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Kí ni a ń pàdánù gan-an? Èdè ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ àròkọ tí ó dára lórí ìkíni ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mọ̀ nínú ìwé pé ‘ojú gbooro o’ ni à ń kí ẹni tí ń dirun, àti pé ‘oò yà o’ ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ti kí bẹ́ẹ̀ rí? Ìkíni kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ sórí kí a tó lò ó. Lílò rẹ̀ ni kíkọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a mú lọ sílé ìyá àgbà yóò gbọ́ bí a ti ń ké àgò kí a tó wọlé, yóò gbọ́ ‘ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta’, yóò rí i pé omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, pé a kì í béèrè ohun tí ó bá wá kí ó tó mu ún. Bí ó bá bá wọn nídìí oúnjẹ, tí wọ́n ní kí ó wá jẹun, yóò mọ̀ pé ‘yóò gba ibi ire o’ ni ìdáhùn, bí ebi kò bá pa á. Bí ebi bá sì pa á, tí ó jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n rín ewùrà sí, n kò mọ ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò dáhùn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ, ọmọ náà yóò rí i pé a kì í jókòó sínú ilé kí á máa juwọ́ sí àlejò. A ń sìn ín sọ́nà ni. Nínú ìrìn kékeré yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ níwájú gbogbo ilé ti máa ń jáde.

Lẹ́yìn èdè, mímọ ara ẹni ni ó kàn. Lábẹ́ àtíbàbà, aṣọ kan náà ni gbogbo wa wọ̀, ìlù kò sì jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí. Ẹni tí ó jókòó tì mí lè jẹ́ ọmọ ìyá mi, ó sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí ń náwó. N kò ní mọ̀. Nínú àbẹ̀wò ni bàbá àgbà ti ń sọ pé, ‘Ìwọ, sún mọ́ mi. Ọmọ ta ni ọ́?’ Yóò wá ka ìran wọn lé e lórí, yóò fi oríkì kì í, yóò sọ ilé tí ìyá ìyá rẹ̀ ti wá. Bí kò bá sí èyí, ọmọ ìyá kan náà lè pàdé ní yunifásítì kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kí ó tó di ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí àgbà kan yóò ká ọwọ́ mọ́rí. Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí púpọ̀ ni kò ní ìwé kankan. Pèrègún ni a gbìn sí ààlà, orí arúgbó sì ni ìtàn rẹ̀ wà: ẹni tí ó fi ilẹ̀ ta ẹnìkan lọ́rẹ, ẹni tí ó yá a láti fi dáko nìkan. Ọmọ tí kò bá bàbá rẹ̀ jókòó, tí kò bá a rìn dé ìdí pèrègún, kò ní mọ ààlà. Bí àgbà náà bá kú, a ó ṣe òkú rẹ̀ tìlù-tìfọn, àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ kan náà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò pàdé ní kóòtù.

Ó yẹ kí á rántí ibi tí ayẹyẹ wa tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ṣẹ̀. Kí ni Ojúde Ọba? Àbẹ̀wò ni. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ń lọ sí ààfin ní ọjọ́ kẹta Iléyá láti kí Awùjalẹ̀, kí wọ́n sì dúpẹ́ pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Balógun Kuku, tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ọdún 1902, wà lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ ìtàn rẹ̀. Ní ayé Awùjalẹ̀ Sikiru Kayode Adetona, ẹni tí ó jọba ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún gbérí, tí ayẹyẹ náà sì di ohun tí onígbàgbọ́ àti ìmàle jọ ń ṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin àti aṣọ òkè wọn tàn ká gbogbo ayé. Èmi náà wò wọ́n, orí mi sì wú. Síbẹ̀, lábẹ́ gbogbo ẹwà yẹn, ohun tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ó bá dé iwájú kábíyèsí kò ju pé wọ́n ń kí i lọ. Bí a bá yọ ìkíni kúrò nínú rẹ̀, aṣọ ni yóò kù.

Àwọn kan yóò sọ pé tẹlifóònù alágbèéká tí ó dé ní ọdún 2001 ti yanjú gbogbo èyí. Wọ́n ní àwọn ń pe ìyá àwọn lójoojúmọ́, àwọn sì ń fi owó ránṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba sé ọ̀nà Èkó àti Ògùn mọ́ nítorí àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, tẹlifóònù ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà rò pé a ti gbàgbé àwọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìyá tí a bá pè lórí tẹlifóònù ni yóò ní dáadáa ni òun wà. Ojú ni yóò rí i pé òrùlé ń jò, pé oògùn oṣù tó kọjá ṣì kù nínú ìgò, pé aṣọ tí ó bá a mu lọ́dún tó kọjá ti ń jábọ́ lára rẹ̀. Owó tí a fi ránṣẹ́ kò lè rí nǹkan wọ̀nyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ń sá fún àbẹ̀wò ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá dé láti Èkó, kí ó tó mu omi tán, ẹnìkan ti gbé owó ilé ìwé dé, ẹnìkejì gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ dé. Ẹ̀yin àgbà, mo fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó ná. Ẹlòmíràn wà tí kò ní owó búrẹ́dì tí yóò rà lójú ọ̀nà, ojú sì ń tì í láti dé lọ́wọ́ òfo. Ẹ fi yé e pé ojú rẹ̀ ni ẹ fẹ́ rí, kí ẹ sì di gàrí fún un bí ó bá ń lọ.

Ẹjọ́ àwọn ìyàwó ilé tún wúwo ju ìyẹn lọ. Obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí àlejò mẹ́fà sì ya wọlé lọ́sàn-án Sátidé láìsọ tẹ́lẹ̀, òun nìkan ni ìsinmi rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. A kì í sọ èyí nínú ìwé àṣà wa, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pa ìlẹ̀kùn ilé púpọ̀ dé. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni kí á kọ́kọ́ ránṣẹ́ kí á tó yà. N kò gbà. Àwọn Ìjẹ̀bú tí ń fi àrokò ránṣẹ́ ni ẹ fẹ́ fi àṣà òyìnbó kọ́? Ní ọdún 1887, a ti tẹ àlàyé lórí àrokò Ìjẹ̀bú jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ẹyọ mẹ́fà ni a fi ń sọ fún ẹnìkan pé ọkàn ẹni fà sí i, nítorí pé ‘fà’ wà nínú ‘ẹ̀fà’. Ẹni tí ó bá fi tẹlifóònù sọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé kò ṣe ju ohun tí ẹyọ mẹ́fà yẹn ṣe lọ. Kí ọkọ náà sì bọ́ agbádá kí ó gbé omi fún àlejò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ síbi ìnáwó ní Ìmùṣin tàbí níbòmíràn, kí ó gbéra ní wákàtí méjì ṣáájú, kí ó sì fi wákàtí náà kí ilé mẹ́ta kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Tàbí kí ó sùn di ọjọ́ Àìkú nínú ilé ẹbí, bí ooru tilẹ̀ ń mú. Kí ó mú ọmọ rẹ̀ dání, kí ó sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìkíni, ẹ má ní kí wọ́n ṣe àkójọ ìkíni ogún. Ẹ ní kí wọ́n lọ kí àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì wá ròyìn ní ọjọ́ Ajé: ọmọ ta ni ó pè wọ́n, kí ni ó fún wọn jẹ, ta ni ó sì sìn wọ́n sọ́nà, títí dé ibo?