Àìgbọ́fá là ń wòkè: abẹ́ ilẹ̀ l'Ágbàdo ni iná wà

Ọ̀rọ̀ tòní gbóná. Ó kan gbogbo ẹni tó ń gbé Àgbàdo, Abúlé Ẹ̀gbá, Ìpájà, títí dé Ìkòtún àti Ìjẹ̀gun.

Ní 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, iná jó àwọn èèyàn wa ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn olè ló lu ọ̀pá epo ìjọba lóru. Wọ́n fa èyí tí wọ́n fẹ́ sínú táńkà, wọ́n bá tiwọn lọ, wọn ò dí ojú ihò náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bẹntiróòlù ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Epo wọ́n gógó lásìkò ọdún náà, ni tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, bá gbé kẹ́ẹ̀gì àti garawa jáde. Ibi tí wọ́n ti ń bù ú ni iná ti sọ. Àwọn Red Cross ka òkú tó lé ní 260, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jó kọjá ìdámọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gun gbẹ́ ilẹ̀ kan ọ̀pá epo. Iná ṣẹ́, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tó fara gbá. Ní 19 oṣù kìíní ọdún 2020, iná ọ̀pá epo tún sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá kan náà, ó tún gba ẹ̀mí. Gbogbo rẹ̀, ní Alímọ̀ṣọ́ wa níbí ni.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Àwọn kan ní Ògún ló ń bínú torí pé irin ni ọ̀pá epo. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní bí Elédùmarè ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn baba wa ti dá wọn lóhùn tipẹ́: àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Òkè là ń wò, abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ohun tó ń pa wá wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Ifá ń kọ́ni nípa àjálù. Ifá fi àwọn ajogun hàn wá: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Wọ́n wà, wọn ò sì ní lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí ìtàn ṣe máa ń lọ nínú ẹsẹ Ifá. Ẹnì kan lọ dífá. Wọ́n sọ ohun tó ń bọ̀ fún un, wọ́n ní kó rúbọ. Bó bá rú u, ajogun á kọjá lára rẹ̀. Bó bá kọ etí ikún, ojú rẹ̀ á já a. Ìkìlọ̀ ló máa ń ṣáájú, ẹbọ á tẹ̀ lé e, kí ibi tó dé. Kò sí ibi tí Ifá ti ní ká jókòó de ibi, ká wá máa béèrè ẹni tó rán an lẹ́yìn tó bá ti ṣe tán.

Ìkìlọ̀ tiwa ti jáde lọ́dún 2006, ó tún jáde lọ́dún 2008, ó tún jáde lọ́dún 2020. Odù kan náà ló ń hù lójú ọpọ́n. Ẹbọ rẹ̀ la ò tíì rú.

Kí ni ẹbọ náà? Ká kọ́kọ́ mọ ajogun tá à ń bá jà. Bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́. Bó ti kan afẹ́fẹ́ ló ń di oru. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rá pálá lé, tí á máa wọ gọ́tà, tí á máa wọ ilé onílé, títí yóò fi bá iná pàdé. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó láti tàn án. Ọ̀kadà tó ń kọjá lọ tó o. Kí irin gbo irin lásán náà tó o. Bẹ́ẹ̀ ni omi kì í pa á: epo á léfòó sójú omi, iná á sì bá omi ṣàn lọ sílé ẹlòmíràn. Ẹni tó jìnnà sí ibi tí epo ti ń dà kò tíì bọ́.

Ìṣẹ̀ṣe ti ní irinṣẹ́ fún irú nǹkan báyìí. Láyé àtijọ́, bí àrá bá já sílé kan, ta ló jẹ́ wọ ibẹ̀ lọ mú àwo? Èèwọ̀ ni. Gbogbo àdúgbò á dúró lókèèrè títí àwọn Mọ́gbà Ṣàngó yóò fi dé. Ẹ̀rù òrìṣà ló mú un rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo èrè rẹ̀: èrò kò rọ́ wọ ibi tí iná wà, olè kò rí ọ̀nà, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló ń wọlé. Màrìwò náà ńkọ́? Ẹni tí kò mọ ìwé kà mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ta màrìwò sí, kì í ṣe ibi à ń ṣeré.

Ohun tí mò ń dá lábàá nìyí. Kí àwọn baálẹ̀, àwọn Àràbà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ àdúgbò kéde epo tó bá dà sílẹ̀ ní èèwọ̀ ilẹ̀ wa. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ bù ú, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ rà á. Ká ta màrìwò sójú ọ̀nà tí ọ̀pá epo gbà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé tàbí gbẹ́lẹ̀ síbẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ni ín mọ̀. Bí òórùn epo bá gba àdúgbò, ká pa jẹnẹrétọ̀ àti iná ìdáná, ká kó àwọn ọmọdé kúrò, ká jìnnà síbẹ̀ kí a tó pe 767 tàbí 112. Ìpè náà kò gba owó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tá a bá bọ tán, kí àwọn ọ̀dọ́ wa rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá epo, kí wọ́n ṣàlàyé fún wọn.

Ẹnì kan á ní ebi kì í gbọ́ èèwọ̀. Òótọ́ ni pé ebi ń pa ará ìlú. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì epo kan á bọ́ ilé fún ọjọ́ mélòó? Àwọn tó lu ọ̀pá lọ́dún 2006 ti gbé táńkà tiwọn lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tálákà ló dúró jó. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀pá epo tọ̀sán tòru, kí wọ́n sì tètè ti epo pa bí ó bá jò, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ bíbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ni ọ̀pá, àwa la ń sin òkú.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù, ẹ̀yin babaláwo ló kàn. Bí ẹnì kan bá wá gba ońdè tàbí àjẹsára kí iná má bàa jó o níbi tó ti ń fa epo, ẹ má ṣe é fún un. Ẹni tó bá ṣe é ti bá ajogun dá májẹ̀mú lórí ẹ̀mí gbogbo àdúgbò. Ẹ sọ fún un pé ẹbọ tirẹ̀ ni kó má lọ.

Ire gbogbo o. Kí Ilẹ̀ má ṣe lanu gbé wa mì.