Atọ́ka Kì í Ṣe Bébà Àkàrà

Nígbà tí a dé Òṣogbo lọ́dún tó kọjá, òkú ti wọlẹ̀, mọ̀lẹ́bí ti pín ẹrù, wọ́n sì ti gbá yàrá bàbá mọ́. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá náà. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi dàgbà. Páálí kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn tó kún fún ìwé Atọ́ka, tí àwọn oníbàárà máa ń kà bí wọ́n bá ń dúró kí ó kàn wọ́n. Láti ọdún kìíní wa ní yunifásítì ni ọ̀rẹ́ wa ti ń sọ̀rọ̀ páálí yìí. A ní a ó lọ wò ó. Ìdánwò dé, a ò lọ. Ìyanṣẹ́lódì dé, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà tí a máa fi lọ, wọ́n ti ta páálí náà mọ́ àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ fún ìyá alákàrà tó wà ní ìdojúkọ ilé.

A kí wọn, "Ẹ kú ọjà o, mà." Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Èló ni kí n bù?" A ní kì í ṣe àkàrà la wá rà, bébà tí wọ́n fi ń dì í la wá rà. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wo ojú ọ̀rẹ́ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n sì kó èyí tó kù jáde. Mọ́kànlá ni. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n wọ́n bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ̀yin tí ẹ ń wá a kiri yìí, ṣé ẹ ti kà á rí?"

A ò tí ì kà á rí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ọdún kẹta, a ò tí ì ka ẹyọ kan. Ìbéèrè yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Fún ẹni tí kò mọ Atọ́ka, ìwé àtìgbàdégbà ni, ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ní Èkó ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ẹ lè pè é ní kọ́míìkì, àmọ́ kì í ṣe yíyà ni wọ́n ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Fọ́tò ni. Ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò, irú bí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, yóò ṣe eré wọn níwájú kámẹ́rà, wọn yóò to fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, wọn yóò sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí olúkúlùkù ń sọ sí i lára. Bí o bá ṣí i, eré orí ìtàgé lo ń wò lórí bébà. Ẹni tí kò rówó wọ gbọ̀ngàn eré lè wò ó nílé, ẹni tí kò mọ̀wé á sì jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Kò dá nìkan wà nígbà náà. African Film wà, tí ilé-iṣẹ́ Drum ń gbé jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Lance Spearman jẹ́ akọni inú rẹ̀. Ní 1976, Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super, yíyà ni wọ́n ya tiẹ̀. Papa Ajasco ti inú Ikebe Super bọ́ sórí tẹlifíṣàn, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n bí ní 2005 fi mọ̀ ọ́n. Atọ́ka kò rí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ gùn. Orí bébà ló wà, orí bébà náà ló sì ti ń kú lọ.

Bí a bá ti sọ pé ká tọ́jú nǹkan báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń bi wá ni pé, "Èló ni wọ́n ń rà á?" A ò bínú sí ìbéèrè náà. Owó oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń fi kọ́míìkì àtijọ́ powó gan-an, ìyẹn Amẹ́ríkà, ká wo ohun tó sọ ọ́ di owó.

Ní 1938, Action Comics àkọ́kọ́, èyí tí Superman ti kọ́kọ́ jáde, sẹ́ńtì mẹ́wàá péré ni wọ́n ń tà á. Ní oṣù kẹrin 2024, ẹ̀dà kan nínú rẹ̀ lọ ní gbànjo ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Kí ló fà á? Àwọn tó rà á nígbà náà kò kà á sí nǹkan gidi. Àwọn ọmọdé kà á ya, àwọn ìyá wọn kó o dà nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń kó bébà jọ jákèjádò ìlú fún iṣẹ́ ogun, kọ́míìkì sì bá a lọ. Ní 1954, ìwé kan tí dókítà ọpọlọ kan kọ ní kọ́míìkì ń ba ọmọ jẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, àwọn ìlú kan sì ti ń dáná sun kọ́míìkì. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo èyí ló di góòlù.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní 1992, wọ́n tẹ ìwé ikú Superman, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sáré rà á, wọ́n tì í mọ́ inú ọ̀rá rẹ̀ láìkà, wọ́n ń retí kó sọ wọ́n di olówó. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ẹ̀dà ni wọ́n tà. Nígbà tí gbogbo ayé bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ ta? Títí di òní, owó táṣẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń pa.

Ohun tó wọ̀ wá lára jù nínú ìtàn yẹn ni pé kì í ṣe oníṣòwò ló kọ́kọ́ gba kọ́míìkì wọn là. Òǹkàwé ni. Ní 1961, Jerry Bails, olùkọ́ yunifásítì kan ní Detroit, bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré kan tó pè ní Alter-Ego fún àwọn tó fẹ́ràn kọ́míìkì àtijọ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀: ìwé wo ló jáde, ọdún wo, ta ló yà á, ta ló kọ ọ́. Ìgbà tó di 1970 ni Overstreet tó gbé ìwé iye owó jáde, èyí tí àwọn oníṣòwò ń tẹ̀ lé. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín méjèèjì. Ìmọ̀ ló ṣáájú owó. Ẹni tí kò mọ ohun tó ní lọ́wọ́ ni yóò tà á ní kílò.

Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé Atọ́ka nílò òǹkàwé kó tó nílò oníbàárà. Ta ló sì yẹ kó kọ́kọ́ kà á bí kò bá ṣe àwa?

Nígbà tí a padà dé ilé ìgbé wa, a jókòó, a ka mọ́kọ̀ọ̀kànlá. A ka ọ̀rọ̀ tọ́rọ́ àti sísì, ọ̀kan nínú wa kò mọ̀ pé owó ni wọ́n. A rí èébú orogún tí a ní láti pe ìyá àgbà lórí fóònù kí a tó lóye rẹ̀, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé ohun tí a bi wọ́n. A rí bí wọ́n ṣe ń di gèlè, irú bàtà tí ọ̀dọ́kùnrin ń wọ̀, irú àga tó wà nínú pálọ̀ olówó. A rí àkọtọ́ tí kò bá ti àkọtọ́ òde òní mu, èyí tí a ti ń kọ́ ní kíláàsì láìrí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ìwé tí ará ọjà ń kà.

Ohun tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí. Púpọ̀ nínú eré àwọn alárìnjò, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn, òṣèré á fi ẹnu ara rẹ̀ kún un, eré náà á sì máa yí padà láti ìlú dé ìlú. Oyin Adéjọbí ti lọ ní ọdún 2000. Eré wọn tí kò bá sí lórí fíìmù tàbí kásẹ́ẹ̀tì, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ inú Atọ́ka lè jẹ́ ìwọ̀nba tó kù fún wa. Òótọ́ ni pé olóòtú ti gé e kó lè bá ojú ìwé mu. Síbẹ̀, ẹni tí kò rí ẹṣin tó rí ìpasẹ̀ rẹ̀, ó sàn ju ẹni tí kò rí nǹkan kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí bí a ṣe ń díwọ̀n iye. Lọ́jà Amẹ́ríkà, máàkì ni wọ́n ń fún kọ́míìkì, mẹ́wàá ló ga jù. Bí èèpo ìwé bá ká, máàkì rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ orúkọ sí i, ó tún lè lọ sílẹ̀ sí i. Bàbá onígbàjámọ̀ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n rà á sí iwájú ìwé wọn kọ̀ọ̀kan. Ní ojú ewé kan, oníbàárà kan fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ìyàwó inú eré náà ló jẹ̀bi. Ẹlòmíràn fi bírò tó yàtọ̀ sí tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni, ọkọ ni. Fún oníṣòwò, ìdọ̀tí nìyẹn. Fún wa, ẹ̀rí ni pé wọ́n kà á, wọ́n sì jà lórí rẹ̀. A ò ní pa á rẹ́ fún owó kankan.

Àwọn kan yóò ní ká sáà yà á sórí fóònù, ká sì jẹ́ kí bébà máa lọ. A ti ya tiwa, ó dára. Ṣùgbọ́n fóònù ń sọnù, kọ̀ǹpútà ń kú, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ irú bébà àti irú yíǹkì tí wọ́n lò kò lè fi ọwọ́ kan àwòrán. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 tún wà níbẹ̀. Pé ìwé ti pẹ́ kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ẹ má kàn gbé odindi rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ. Kíkọ àkójọ ohun tó wà, àṣẹ kankan kò sí fún un láti gbà.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ilé ìkàwé ni, kì í ṣe tiwa. Lóòótọ́, òfin Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti 1970 ní kí àwọn atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ìwé wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ní ìjà àwọn oníbàárà nínú kò sí ní ilé ìkàwé kankan. Òṣogbo ló wà, lábẹ́ tábìlì alákàrà.

Bí o bá ní ọ̀kan nílé, ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe bébà olówó pọ́ọ́kú. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló ń mú kó pọ́n kó sì máa rún, nítorí náà má ṣe gbé e sí ojú fèrèsé. Má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú bébà, kò sì ní jáde mọ́. Jọ̀wọ́, má gbé e lọ ṣe lámínéètì. A mọ̀ pé bí a ṣe ń tọ́jú sátífíkéètì nílé nìyẹn, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ tú u lọ́la á ba ìwé jẹ́ ni. Má fi rọ́bà dì í. Fi páálí pẹlẹbẹ tó mọ́ há a lẹ́yìn kó má bàa ká, tò ó sínú àpótí, kí o gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri nítorí ikán àti ọ̀rinrin. Nígbà òjò, máa ṣí i wò lóṣooṣù. Bí irin tí wọ́n fi so ó bá ti dógùn-ún, má fà á tu. Fi hàn ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ní ilé tiyín, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bẹ̀ wa pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá relé, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí yín, ẹ wo orí àjà. Bí Atọ́ka bá wà níbẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí wa, tiyín ni. Ẹ kàn ya fọ́tò èèpo rẹ̀, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀, ọdún rẹ̀, orúkọ eré náà, àti ẹgbẹ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá mọ ẹni tó rà á, ẹ kọ ìyẹn náà. Mọ́kànlá ló wà nínú àkójọ wa báyìí.

Bí onígbá bá fi igbá rẹ̀ kólẹ̀, ayé á bá a fi kó ìgbẹ́. Ìyá alákàrà kò jẹ wá ní nǹkan kan. Wọ́n ra ohun tí a tà fún wọn. Nígbà tí a tún lọ kí wọn ní ìsinmi tó kọjá, a mú ọ̀kan nínú ìwé náà dání, a sì kà á sí wọn létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Wọ́n ní ọkọ ló jẹ̀bi.