Kí ẹ tó náwó lórí bàtà eré ìje, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ máa sá a lé

Ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Accra níbí nítorí ikọ́. Mo yẹ ọmọ wò, mo kọ oògùn, ọ̀rọ̀ parí, àmọ́ obìnrin náà kò dìde. Ó fa fóònù yọ nínú báàgì. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Bàbá ọmọ yìí ló fẹ́ rà á."

Bàtà méjì ni. Ọkọ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ fún triathlon, ìyẹn eré ìje tí èèyàn máa ń lúwẹ̀ẹ́, tó máa gun kẹ̀kẹ́, tó sì máa wá fi eré sísá parí ẹ̀ láì sinmi. Wọ́n sọ fún un pé apá ibi tí wọ́n ti máa sáré máa gba orí títì ọlọ́dà, ó máa gba ilẹ̀ pupa, ó sì máa kan yanrìn etí òkun. Ni ọkọ bá ní òun máa ra ọ̀kan fún títì, òun á ra ọ̀kan tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní eyín gbàgbà fún orí òkúta. Owó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ìwé ọmọ náà fún sáà kan. Ìyàwó ní, "Ṣé dandan ni, Dókítà?"

Mo ní kì í ṣe dandan rárá. Bàtà kan ṣoṣo tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ti tó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ilé yẹn nìkan kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa àríyànjiyàn.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé ilẹ̀ wo ló pọ̀ jù nínú eré náà. Èèyàn máa ń gbọ́ "òkè" tàbí "etí òkun," ọkàn rẹ̀ á lọ sí òkúta àti yanrìn. Bẹ́ẹ̀, òkè táwọn ará Accra ń sáré gùn jù lọ, láti Ayi Mensah lọ sí Peduase lójú ọ̀nà Aburi, títì ọlọ́dà ni látìsàlẹ̀ dókè. Ilẹ̀ pupa wà lóòótọ́ láwọn àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, òkúta sì wà ní Shai Hills. Yanrìn wà ní Labadi. Ṣùgbọ́n tí eré bá jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá, tí méje jẹ́ títì, tí méjì jẹ́ ilẹ̀ pupa, tí ọ̀kan jẹ́ yanrìn, bàtà títì lẹ ń wá. Kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ má kàn ṣe dan bọ̀rọ́, ìyẹn ti tó fún yangí gbígbẹ.

Bàtà eléyín gbàgbà kò burú níbi tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn inú ẹrẹ̀ àti ọ̀nà igbó. Tẹ́ ẹ bá gbé e wá sórí ọ̀dà, eyín yẹn á máa ta ko àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ yín, á sì tètè jẹ tán. Ní ti yanrìn, kò sí bàtà tó ń bá a ṣọ̀rẹ́. Gìgísẹ̀ máa ń rì, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó so mọ́ gìgísẹ̀ á sì ṣe wàhálà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀ ni kí èèyàn sáré lórí yanrìn tútù tó le, kó gé ìṣísẹ̀ kúrú, kó sì ti fi í kọ́ra díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìje.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tèmi. Nọ́ńbà bàtà tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni mo rà gẹ́lẹ́, mo sì rà á láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Nígbà tí mo ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀ òkè Aburi, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń forí sọ iwájú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Èékánná méjì dúdú, wọ́n sì já bọ́ nígbà tó yá. Àwọn nọ́ọ̀sì wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan gbáko.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ooru ń wú ẹsẹ̀, ẹni tó sì ti gun kẹ̀kẹ́ kó tó sáré, tiẹ̀ tún wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi sáré. Ẹ dìde dúró, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ wà níwájú ìka tó gùn jù. Ẹsẹ̀ kan sábà máa ń tóbi ju èkejì, èyí tó tóbi ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo ìbú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa tó fi ẹsẹ̀ lásán àti sálúbàtà dàgbà ni iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan máa ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ìwé, kí wọ́n lè fi bí àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ yín ṣe rí yan bàtà fún yín. Wọ́n ti dán èyí wò lára ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́: wọ́n yan bàtà fáwọn kan nípa bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí, wọ́n fún àwọn yòókù ní irú bàtà kan náà. Kò dín ìfarapa kù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Èyí tó bá tẹ́ ẹsẹ̀ yín lọ́rùn látìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́, ẹ mú un.

Ẹnì kan á ní, ṣebí Abebe Bikila fi ẹsẹ̀ lásán gba wúrà márátọ́ọ̀nù ní Róòmù lọ́dún 1960. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1964 ní Tokyo, ó wọ bàtà, ó tún gbégbá orókè, ó sì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹsẹ̀ tí kò mọ bàtà láti kékeré ni Bikila fi ṣe ti Róòmù. Ẹni tó ń wọ bàtà lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́ kò lè bọ́ ọ lọ́jọ́ kan kó ní òun náà di Bikila. Ìgò àti ìṣó sì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kantamanto ńkọ́? Mo fẹ́ràn ọjà yẹn, inú mi sì dùn pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ tún un kọ́ lẹ́yìn iná tó sọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Mo máa ń ra ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní obroni wawu, òyìnbó ti kú. Ṣùgbọ́n fóòmù inú bàtà eré sísá máa ń kú kí ara bàtà tó gbó. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń sọ pé kìlómítà 500 sí 800 ló wà fún, ẹ ò sì mọ iye tí òyìnbó yẹn ti sá kó tó kú. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lagbára yín mọ, ẹ gbé bàtà náà lé orí tábìlì. Tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya tàbí tó le gbagidi, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sóde.

Fún triathlon, ẹ fi okùn bàtà oníróbà tó ń fà sí i kí ẹ lè tètè kì í bọ ẹsẹ̀. Ẹ nu yanrìn kúrò láàárín ọmọ ìka kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tútù àti yanrìn ló ń bí ìléròrò. Bàtà tuntun kò gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ ìje lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kéré tán, ẹ fi sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ má sì fi kún ibi tí ẹ ń sá dé lójijì. Àsálékún lójijì ló ń dá egungun lẹ́sẹ̀ ju bàtà lọ. Ìrora tí ẹ lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí lára egungun, tó ń pọ̀ sí i tí ẹ bá ń sáré, tàbí tó ń jí yín lóru, ẹ má fi róòbù pa á. Ó ṣeé ṣe kí egungun ti sán. Ẹ dáwọ́ eré dúró, ẹ lọ rí dókítà. Àwòrán X-ray lè má fi hàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ padà sórí títì.

Fún àwọn tó máa tẹ̀ lé wọn lọ wòran: ẹ má ra bàtà tó tóbi gọ̀ǹgọ̀ fún ọmọ pé á dàgbà bá a. Á máa yọ̀ nínú rẹ̀, á máa ṣubú. Tí ìyá àgbà bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì yẹ àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò tí ẹ bá délé. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ lè gbé òkúta wẹ́wẹ́ kiri láti àárọ̀ dalẹ́, egbò yẹn ló sì ń gbé àwọn míì dé ibi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀.

Bàbá ọmọ náà pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti ra ọ̀kan, ti títì. Ó ní ó dáa, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì ń fún òun díẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù sì ní ó máa là tó bá yá. Mo ní kó má dúró dè é o, kó dá a padà lọ́jọ́ náà, kó gba nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e.