Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin òbí, àṣà kan ti wọ àárín wa tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ òótọ́ lé lórí. Bí ọmọ bá ti dé ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì sì ní àròkọ rẹ̀ kò dára tó, òfin tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ náà sọ Yorùbá mọ́. Èkejì ni pé kí a wá tíṣà lẹ́sìn tí yóò máa kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sí i lórí. Ní àdúgbò Yarnton Way ní Thamesmead, níbi tí a ti ń gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì àti nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ wà tí wọn kò lè dá ìyá-ìyá wọn lóhùn lórí tẹlifóònù nítorí òfin yìí. A ń sọ ọ́ gbangba: òfin náà kò dára, kò sì mú èrè tí a torí rẹ̀ ṣe é wá.

A kò sọ pé ìdánwò náà kò ṣe pàtàkì. Ọmọ tí kò bá gba 4 ó kéré tán nínú GCSE Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń bá kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ lẹ́yìn ọdún 16, gbọ́dọ̀ tún máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn iṣẹ́ ni yóò sì máa wò láti òde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n ń wá kí a tó náwó lé e.

Láti ọdún 2017 tí a ti ń fi nọ́ńbà 9 sí 1 díwọ̀n ìdánwò yìí, iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ní kíláàsì kò ní máàkì nínú rẹ̀ mọ́. Ìdajì máàkì jẹ́ ti kíkà, ìdajì jẹ́ ti kíkọ. Nínú ìdánwò AQA, àròkọ méjì ni ọmọ yóò kọ, 40 máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú 40 náà, 24 jẹ́ ti ohun tí ọmọ ní í sọ àti bí ó ṣe tò ó. 16 ni ó kù fún gírámà, sípẹ́lì àti irú wọn. Àwọn tí ó ṣe WAEC nínú wa mọ̀ pé nínú 50 máàkì àròkọ, 10 péré ni ti àṣìṣe gírámà àti sípẹ́lì. Àwa tí a ń fi ìṣirò owó jẹun mọ̀ pé ibi tí owó pọ̀ sí jù lọ ni a ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ọmọ wa, 16 ni a ń bá jà, a pa 24 tì.

Ọ̀rọ̀ ńláńlá ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ yàn ní máàkì tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ibi tí a lò ó mu ni. Ọmọ tí ó há "plethora" sórí yóò fi í sí ibi tí "many" ìbá ti tó, ẹni tí ń máàkì yóò sì mọ̀ pé ẹ̀wù àyálò ni. Àwọn ilé-ìwé kan náà ń fún ọmọ ní àpótí tí a ti kàn sílẹ̀: gbólóhùn báyìí, ẹ̀rí báyìí, àlàyé báyìí. Ẹni tí kò ní nǹkan láti kó sínú rẹ̀, àpótí òfìfo ni yóò gbé lọ sí ìdánwò.

Níbo ni ọmọ ti ń rí nǹkan kó sínú rẹ̀? Nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń gbọ́ nílé ni. Òbí tí ó fòfin de Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá ọmọ sọ kì í sábà ju "Jẹun", "Wẹ̀", "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ?" lọ. Àṣẹ nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni òbí kan náà, bí ó bá ń sọ Yorùbá, yóò ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò pa òwe, yóò gbọ́ tẹnu ẹni kejì kí ó tó dájọ́. Kí ni àròkọ aláríyànjiyàn bí kò ṣe ẹjọ́ rírò? A lé ẹni tí ó mọ̀rọ̀ sọ jáde nílé, a wá ń bi ọmọ léèrè ìdí tí kò fi mọ ọ̀rọ̀ tò.

Èyí kì í ṣe èrò orí wa lásán. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan tí ó ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú iṣẹ́ yòókù, wọ́n ta wọ́n yọ. Ní ilẹ̀ yìí náà, ìgbìmọ̀ tí Alan Bullock ṣe alága rẹ̀ sọ ní ọdún 1975 pé kò yẹ kí ọmọ bọ́ èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn tí ó ni Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ bẹ́ẹ̀ o!

Àwọn kan yóò ní Yorùbá ni ó ń fa àṣìṣe: pé ọmọ ń kọ "he" fún obìnrin nítorí "ó" kan náà ni a ń lò fún takọtabo, pé ó ń gbàgbé "went" nítorí "lọ" kì í yí padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ èdè méjèèjì ni ó lè fi ìyàtọ̀ náà hàn án ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ má sì sọ nọ́ńbà yìí di òrìṣà. Ní ọdún 2012, máàkì tí ó gba C nínú àwọn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kan ní oṣù kìíní kò tó C mọ́ ní oṣù kẹfà. Ìjọba ìbílẹ̀ Lewisham, tí kò jìnnà sí wa, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní ọdún 2013. Ṣé nítorí òdiwọ̀n tí ènìyàn lè gbé sókè láàrin oṣù márùn-ún ni a ó ṣe ta èdè baba wa?

Kí ni kí a ṣe? Bí a bá lọ rí tíṣà, kí a má béèrè nọ́ńbà nìkan. Kí a ní kí ó fi àròkọ hàn wá, kí ó sì sọ ibi tí máàkì ti sọnù nínú 24 àti nínú 16. Nílé, kí a fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ jà: ṣé ó yẹ kí ilé-ìwé gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Kí ó rò ó ní Yorùbá, kí a bá a jiyàn, kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Kí ó kà á sókè, kí ó sì tún un kọ.

Ọmọ tí ó bá mọ ẹjọ́ rò ní Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n rò ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí a kò bá fún ní ọ̀kankan, kò sí tíṣà lẹ́sìn tí ó lè gbà á.