Ta Ló Ń Ṣọ́ Àṣírí Inú Téèpù?

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dípò orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú téèpù náà: Z. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ìgbà tó bá kú nìkan ni ọ̀rọ̀ náà máa jáde. Nígbà tó fi di ọdún 2019, téèpù ọ̀hún ti dé iwájú adájọ́ ní Belfast.

Láàárín 2001 sí 2006 ni Boston College ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn tó gbé ìbọn nínú ìjà Àríwá Ireland lẹ́nu wò, àti ọmọ ẹgbẹ́ IRA àti àwọn alátakò wọn. Ìwé tí àwọn wọ̀nyí fọwọ́ sí ṣèlérí àṣírí títí ọjọ́ ikú. Àdéhùn tí ilé ẹ̀kọ́ náà bá olórí iṣẹ́ ìwádìí ṣe fi kún un pé ibi tí òfin Amẹ́ríkà bá gbà dé ni. Gbólóhùn kékeré yẹn ò sí nínú ìwé àwọn tó sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 2010, ìwé kan jáde látinú ọ̀rọ̀ méjì nínú wọn tó ti kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà bá ọlọ́pàá Àríwá Ireland béèrè téèpù nílé ẹjọ́. Ọlọ́pàá ń wá àwọn tó pa Jean McConville, ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá tí wọ́n jí gbé lọ́dún 1972. Wọ́n fẹ̀sùn kan Ivor Bell lórí ikú obìnrin náà, wọ́n ní òun ni Z. Adájọ́ kò gba téèpù náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ẹni tí wọ́n bá fi àṣírí dá lójú lè sọ òótọ́, ó sì lè parọ́ mọ́ni. Bell bọ́.

Ìwé ìròyìn yìí kò ní kí ọlọ́pàá má wá apànìyàn. Àwọn ọmọ McConville ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó pa ìyá wọn. Àwọn tó ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ wọn ló jẹ̀bi.

Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì jókòó ti ìyá kan nísọ̀, fóònù tó ń gba ohùn wà lórí àtẹ. “Ẹ má fòyà, Mà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.” Ó yọ orúkọ ìyá kúrò, ṣùgbọ́n ó kọ àdúgbò àti ọjà tí ìyá nìkan ń tà níbẹ̀.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún èèyàn láyè láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti gbà. Kí àwọn fásitì rí i pé wọ́n ń sọ èyí fún ìyá náà ní Yorùbá, pẹ̀lú ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa pa á rẹ́, àti ohun tó lè mú kí ilé ẹjọ́ béèrè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè ṣàlàyé ìwọ̀nyí, kó ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.